Fídíò kákítọ́ọ̀sì tó dùn ún wò tó sì tún wúlò: níbo lẹ ti ń rí tiyín?

IyaIbeji_Kubwa

Ẹ káalẹ́ o gbogbo ilé. Ìbéèrè kan ni mo ní, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àbúrò ọkọ mi ló gbé kákítọ́ọ̀sì kékeré kan wá fún mi, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì ló ti rà á, orí ẹ̀ pupa fòò, ìdí ẹ̀ wá ní àwọ̀ ewé, ó rẹwà débi pé àwọn ọmọ ò jẹ́ kó sinmi. Mo ní kí n wo fídíò lórí YouTube kí n mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀, mo bá tẹ "cactus". Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó kọ́kọ́ jáde ni ọmọláńgidi tó ń jó tó ń kọrin, èyí tí wọ́n ń rà fọ́mọdé, ẹ̀yìn ìyẹn làwọn olórin ráàpù Amẹ́ríkà àti aṣọ tí wọ́n ń tà, ẹ̀yìn ìyẹn ni obìnrin kan tó ki cactus bọ inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ní ó máa ta gbòǹgbò lọ́la. Dátà mi sì ti lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀, níbo lẹ ti ń rí fídíò tó dáa, èyí téèyàn máa wò tí inú ẹ̀ á dùn, tó sì máa rí nǹkan kọ́ níbẹ̀? Abuja ni mo wà o, kì í ṣe London.

EgbonLugbe

Ìyá Ìbejì, ẹ káalẹ́ mà, ẹ kú ọmọ. Kò sẹ́ni tó máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo wa la ti pàdé ọmọláńgidi yẹn. Ohun tó ń dà yín láàmú ni pé "cactus" tẹ́ ẹ tẹ̀ yẹn ti fẹ̀ jù, bí ìgbà téèyàn dé Wuse Market tó ní òun fẹ́ ra "aṣọ". Orúkọ igi yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ ṣàpèjúwe yìí, moon cactus làwọn tó ń tà á ń pè é, orúkọ tó ń jẹ́ nínú ìwé ni Gymnocalycium mihanovichii, apá Paraguay ni ìran ẹ̀ ti wá.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó máa yà yín lẹ́nu. Igi méjì ni wọ́n so pọ̀ yẹn o. Orí pupa yẹn ò ní àwọ̀ ewé tí igi fi ń gba oòrùn ṣe oúnjẹ, tí wọ́n bá dá òun nìkan gbìn sínú iyẹ̀pẹ̀, kíkú ló máa kú. Ni wọ́n ṣe gé e lé orí ọ̀pá dragon fruit, kákítọ́ọ̀sì míì tó ń so èso, dragon fruit yẹn ló wá ń bọ́ ọ. Àwọn ará Japan ló bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ láàárín ọdún 1940 sí 1949. Ẹ gbé e sínú ìmọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó dáadáa, ọ̀pá ìsàlẹ̀ yẹn onígun mẹ́ta ni, níbi tí pupa ti pàdé ewé ẹ máa rí ojú àpá tó yí i po.

Ìdí nìyẹn tí fídíò "how to water cactus" ò fi ní kájú ẹ̀ fún yín. Ẹ tẹ "moon cactus graft", kẹ́ ẹ tún tẹ "moon cactus regraft", torí dragon fruit ń yára dàgbà, orí yẹn ò yára, ọdún díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń bára wọn gbé kí ọ̀kan nínú wọn tó dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé orí yẹn lọ sórí ọ̀pá tuntun ló máa jẹ̀gbádùn ẹ̀ pẹ́. Dragon fruit ò sì wọ́n mọ́, àwọn tó ń gbìn ín ní Nàìjíríà ti ń pọ̀.

Ẹ tún lè fi àmì ìyọkúrò lé àwọn tẹ́ ò fẹ́, báyìí: cactus -toy -dancing -song. Tí fídíò ijó bá tún yọjú, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ mú "Not interested" tàbí "Don't recommend channel". Tẹ́ ẹ bá ń ṣe é léraléra, YouTube fúnra ẹ̀ á mọ irú èèyàn tẹ́ ẹ jẹ́.

OmoOffa_Kano

Hahahaha ọmọláńgidi yẹn wà nílé mi ní Kano níbí, gbogbo ohun tá a bá sọ ló máa ń tún sọ, èmi àtìyàwó ò lè bára wa jà mọ́. Lọ́dún 2021 tó gbòde, orin kan tó ń kọ lédè Poland, èébú àti ọ̀rọ̀ oògùn olóró ló kún inú ẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀, àfi ìgbà táwọn tó gbọ́ èdè yẹn pariwo.

Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, mo jókòó síbí.

TisaBwari

Ẹ̀gbọ́n Lugbe ti sọ ti orúkọ, ẹ jẹ́ n sọ ti ojú ọjọ́ torí ibẹ̀ gan-an ni fídíò ti ń bá igi ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ ní Abuja yìí.

Kẹ́ ẹ tó gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ibo lẹni yìí wà. Ará England máa ní kẹ́ ẹ má bomi sí i láti October títí di March, kẹ́ ẹ gbé e wọlé kí òtútù má pa á. Ará Arizona máa ní kẹ́ ẹ gbé e síta kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Àwọn méjèèjì ò parọ́, ilé tiwọn ni wọ́n ń sọ. Phoenix tó wà ní Arizona yẹn, gbogbo òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún ò sábà tó 200mm. Abuja tiwa lé ní 1,200mm, láti April sí October ló sì ń da gbogbo ẹ̀ lé wa lórí. Ẹni tó bá fi ọgbọ́n Arizona gbé kákítọ́ọ̀sì síta ní Bwari lóṣù August, á bá a lọ́jọ́ kan tí ìdí ẹ̀ ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀, tó bá fọwọ́ kàn án orí á ṣubú, inú ẹ̀ á ti di omi pupa rúsúrúsú.

Àwọn tí ojú ọjọ́ wọn sún mọ́ tiwa ni kẹ́ ẹ máa wò. Èmi o, Thailand ni mo fi ṣe ilé. Ó lójú bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ẹ̀ tó níbẹ̀, pàápàá Astrophytum àti Gymnocalycium tó ní àwọ̀ oríṣiríṣi lára. Òjò tiwọn náà ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi May ó ń lọ dé October, ooru wọn náà ń múni. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe: wọ́n á fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bo òkè kí ìmọ́lẹ̀ máa wọlé, wọ́n á ṣí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa fẹ́, àwọn ló ń yan ọjọ́ tí igi máa mumi, kì í ṣe òjò. Kò sí fídíò òyìnbó tó kọ́ mi nìyẹn, torí pé òtútù ni wọ́n fi ilé onídígí wọn ń sá fún, àwa òjò là ń sá fún.

Mi ò gbọ́ èdè Thai rárá o. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ settings, ẹ wọ Subtitles, ẹ mú Auto-translate, English wà níbẹ̀. Ìtumọ̀ yẹn máa ń ṣe ségesège, ẹ má wulẹ̀ gbára lé e, ọwọ́ wọn ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ tún lè wá ti Indonesia, wọ́n ń kọ ọ́ ní "kaktus" pẹ̀lú K. Àwọn ará Brazil ń kọ ọ́ ní "cacto", Mexico ń sọ "cactáceas". Tí ẹni tẹ́ ẹ ń wò bá wà ní Australia tàbí South Africa, kẹ́ ẹ rántí pé December ni ooru tiwọn o, tó bá ní "summer" kẹ́ ẹ má lọ rò pé July ló ń wí.

Ti ará Arizona máa ń bá wa mu díẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

IyaIbeji_Kubwa

Ẹ̀gbọ́n Lugbe, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo rí ojú àpá yẹn!! Onígun mẹ́ta ni lóòótọ́. Táíwò ní wọ́n ti fi orí ẹlòmíì lé e lọ́rùn, kò fẹ́ sùn nínú yàrá tó wà mọ́ 😂 Ẹ ṣé gan-an. Tísà, ẹ ṣé, èmi tí mo ti fẹ́ gbé e síta kí òjò rọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe ti dátà? Fídíò Thailand tí mo ṣí yẹn gùn tó wákàtí kan.

JideAlaja

Àǹtí mi, ẹ má wo nǹkan ní 1080p lórí fóònù, ó ń jẹ ju 1GB lọ ní wákàtí kan, 144p ò sì tó 150MB. Èyí tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, 144p tó o, ẹ máa gbọ́ ọ bíi rédíò. Ìgbà tí wọ́n bá mú ọ̀bẹ tí wọ́n fẹ́ gé igi lẹ máa gbé e sókè sí 480p, tí wọ́n bá ti gé e tán ẹ tún dá a padà. Láti January 2025 tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lè fi tó 50% kún owó ìpè àti dátà, kò sí ẹni tó lè máa ṣe fàájì lórí 1080p mọ́ àfi ẹni tó ń lo Wi-Fi ọ́fíìsì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo ti ọ́fíìsì ẹ mọra yín.

Tẹ́ ẹ bá ní dátà òru, ẹ tẹ download sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó sùn. Kẹ́ ẹ tó wò ó rárá, ẹ ṣí ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ní "Show transcript", gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ nínú fídíò ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó sọ ọ́, ẹ kà á, tẹ́ ẹ bá rí i pé ìṣẹ́jú 14 ló tó dórí ohun tẹ́ ẹ fẹ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ tààrà. Àwọn míì máa kí wa, wọ́n á sọ ìtàn ajá wọn, wọ́n á ní ká ṣe subscribe, ìṣẹ́jú 10 ti lọ wọn ò tíì gbé igi jáde.

AntiRisi_Jos

Gbogbo yín ń sọ ti iṣẹ́, Ìyá Ìbejì ní òun fẹ́ gbádùn. Ẹ jẹ́ n sọ ti ìgbádùn.

Àkọ́kọ́, ẹ tẹ EchinopsisFreak. Ọkùnrin kan ní Florida ni, ó máa ń gbé kámẹ́rà síwájú Echinopsis, irú kákítọ́ọ̀sì kan, tó fẹ́ tanná, á wá sáré gbogbo òru yẹn pọ̀ di ìṣẹ́jú díẹ̀. Òdòdó yẹn máa ń tóbi ju orí igi tó gbé e lọ, òru ló sábà ń ṣí, tó bá fi máa di ọ̀sán tàbí alẹ́ ọjọ́ kejì ó ti rọ. Ẹ máa rí i tí ewé òdòdó á máa ya ara ẹ̀ kúrò lára èkejì pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, pupa, ọsàn, aláwọ̀ méjì, láìsí ariwo ọ̀rọ̀. Mo máa ń fi han àwọn ọmọ dípò kátúùnù. Ohun tó tún wúlò níbẹ̀ ni pé orúkọ òdòdó kọ̀ọ̀kan wà lójú fídíò, ẹ lè fi wá ìyókù.

Èkejì ni Crime Pays But Botany Doesn't. Ẹ Ọ́ GBÁDÙN Ẹ̀. Ọmọ Chicago kan ni, ẹnu ẹ̀ ò dáa, ẹ má wò ó níwájú ọmọ, ẹ má wò ó níwájú pásítọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ó mọ igi bí ẹni mọ owó. Á gun òkè ní Mexico, á rìn nínú aṣálẹ̀ Atacama ní Chile, á dọ̀bálẹ̀ lórí àpáta láti fi Copiapoa, kákítọ́ọ̀sì ibẹ̀, hàn yín, á sọ ohun tó mú kó máa gbé níbi tí òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀, pé kùrukùru etí òkun ló ń rí mu. Ìwúlò irú fídíò yìí pọ̀ ju ti àwọn tó ń kọ́ni ní bí wọ́n ṣe ń bomi lọ, torí pé tẹ́ ẹ bá ti rí ibi tí igi ti wá, ẹ ò ní bi ẹnikẹ́ni bóyá kẹ́ ẹ fi sínú iyẹ̀pẹ̀ dúdú.

Ẹni tó jẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Desert Plants of Avalon dáa, obìnrin kan ní Ireland, inú ẹ̀ máa ń dùn ṣáá, ó ń ṣàlàyé bí ẹní ń kọ́ ọmọ ìlé-ìwé. Ohun tí Tísà sọ ni kẹ́ ẹ rántí, Ireland tutù, ẹ yọ ti òtútù kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ́kíṣọ̀ gidi, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́gbìn kákítọ́ọ̀sì ti Amẹ́ríkà, CSSA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, àti BCSS ti Britain ti gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn sórí YouTube, wákàtí kan kan, arúgbó kan á máa fi àwòrán hàn, ohùn á máa kùn, ẹ má jẹ́ kó sú yín, ibẹ̀ ni òótọ́ wà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ìtàn, ẹ tẹ "prickly pear Australia Cactoblastis". Wọ́n gbé Opuntia, kákítọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní prickly pear yẹn, wọ Australia, ó di ohun tó bo ilẹ̀ tó tó 24 mílíọ̀nù hẹ́kítà, àwọn àgbẹ̀ sá fi oko sílẹ̀. Májèlé ò ràn án, iná ò ràn án. Ní 1926 ni wọ́n tú labalábá kékeré kan tí wọ́n kó wá láti Argentina sílẹ̀, ìdin ẹ̀ jẹ èyí tó pọ̀ jù lára igi yẹn ní bí ọdún mélòó kan. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ìrántí fún kòkòrò yẹn ní Boonarga ní Queensland. Kòkòrò o!

BabaGwagwalada

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, owó lẹ fi ń wo ohun tó wà lẹ́yìnkùlé yín. Kákítọ́ọ̀sì ti wà nílẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé. Ẹ lọ wo orí àpáta káàkiri ibí, ẹ máa rí oró adẹ́tẹ̀ tó nà ọwọ́ sókè, àwọn Hausa ń pè é ní tinya. Ta ló ń bomi sí i? Ta ló ń fi ọ̀rá bò ó? Mo gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì mi, ewúrẹ́ kankan ò dán an wò. Fídíò wo ni mo wò?

EgbonLugbe

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́ fẹ́ǹsì. Ẹ má bínú, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi fẹ́ sọ èyí o sà, torí àwọn tó ń kà á lẹ́yìn wa. Oró adẹ́tẹ̀ jọ kákítọ́ọ̀sì ni, ẹbí wọn ò pọ̀ rárá. Ẹbí míì tó ń jẹ́ Euphorbia ni tiwa. Ẹ gé e díẹ̀, wàrà funfun á tú jáde. Kákítọ́ọ̀sì gidi, omi ló sábà ń jáde lára ẹ̀, ẹ̀gún ẹ̀ sì máa ń hù jáde látinú ojú kékeré kan tó dà bí òwú. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà àríwá àti gúúsù ni gbogbo ẹbí kákítọ́ọ̀sì ti wá, ẹyọ kan ṣoṣo tó débí fúnra ẹ̀ ni Rhipsalis baccifera, tó máa ń so rọ̀ lára igi ńlá nínú igbó, kò tiẹ̀ ní ẹ̀gún tó hàn.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ fídíò ni pé èèyàn lè wo fídíò tí òyìnbó ti ń fi ọwọ́ lásán gé kákítọ́ọ̀sì, kó wá lọ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì. Wàrà yẹn, tó bá ta sójú, ilé ìwòsàn ló kàn, ó lè fọ́jú èèyàn. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀ nílé kó tẹ "Euphorbia poissonii" tàbí "Euphorbia unispina", kó fi "latex safety" kún un. Kò pọ̀ bíi ti kákítọ́ọ̀sì ṣùgbọ́n ó wà. Ìbọ̀wọ́ àti awò ojú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà.

BabaGwagwalada

Mo gbọ́. O ṣeun ọmọ mi. Wàrà yẹn ti ta mí lójú rí, mo mọ ohun tó ò ń sọ. Ṣùgbọ́n àpáta ò wo YouTube.

OnimaluKatsina

Èmi ò wá nítorí òdòdó o, ẹran ni mo ń sìn, ọmọ Ṣakí ni mí ṣùgbọ́n Katsina ni mo wà. Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un torí ẹnì kan lè nílò ẹ̀: ẹ tẹ "palma forrageira". Èdè Potogí ni, Opuntia tí wọ́n ń gbìn fún màlúù ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Brazil ni. Ibẹ̀ gbẹ gan-an, nígbà tí koríko bá tán, òun ni wọ́n ń gé fún ẹran, nǹkan bí 90% ara ẹ̀ ni omi, ẹran á jẹun á tún mumi lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbẹ̀ yẹn fúnra wọn ló ń ya fídíò, fóònù á máa gbọ̀n, àkùkọ á máa kọ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ohun tí mo nílò ló wà níbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ojú ibi tí wọ́n gé gbẹ kí wọ́n tó gbìn ín, bí ewé kan ṣe máa jìnnà sí èkejì, àti pé wọn kì í fún ẹran ní òun nìkan, wọ́n ń fi koríko gbígbẹ pò ó kó má baà ṣu omi. Èyí tí kò ní ẹ̀gún ni wọ́n sábà ń gbìn. Ní Texas tí tiwọn ní ẹ̀gún, gáàsì ni wọ́n fi ń jó ẹ̀gún yẹn dànù lójú ẹran, màlúù á ti máa dúró dè é.

Ẹ tún wo òdìkejì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: tẹ "Opuntia stricta Laikipia". Kenya ni. Igi yẹn bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó gba ibi ìjẹko, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ ara èso ẹ̀ ń ṣe ẹnu àti inú ewúrẹ́ àtàgùntàn léṣe. Ẹ má kàn gé ewé Opuntia jùnù sétí odò.

Lekan_Karu

Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ yẹn! Opuntia "etí ehoro" tí wọ́n ń tà ní ìkòkò, ó dà bí ohun tí kò lẹ́gùn-ún, ojú tó tò sára ẹ̀ dà bí àrán funfun, téèyàn bá fọwọ́ pa á lára báyìí, ọgọ́rùn-ún ẹ̀gún ló máa wọ ìka tí ojú ò ní rí. Sẹ́lótéèpù ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ fà á yọ. Ẹ ká ìwé ìròyìn ní ìlọ́po-ìlọ́po fi di igi mú tẹ́ ẹ bá ń pa ìkòkò ẹ̀ dà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti fídíò irọ́, èyí tí Ìyá Ìbejì rí tó ki igi bọ inú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀ pọ̀, lónìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, lọ́la ẹyin, lọ́tùnla ọ̀dùnkún. Ẹ wo bóyá wọ́n gé fídíò láàárín ìgbà tó gbìn ín àti ìgbà tó hù, wọ́n á kọ "30 days later", igi tó máa jáde níbẹ̀, ẹ̀gún ẹ̀ ò ní tò bíi ti àkọ́kọ́. Ẹ wo ọwọ́, ìkòkò, tábìlì. Ẹni gidi máa ń fi igi kan náà hàn yín lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀, á tiẹ̀ fi èyí tó kú hàn. Èmi tí ṣánẹ́ẹ̀lì kan ò bá ní igi tó kú rí, mo ti jáde. Ẹ tún ka kọ́mẹ́ǹtì, kẹ́ ẹ fi sí "Newest", ẹ máa rí àwọn tó ti dán an wò.

Kákítọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù àti èyí tó ní àwọ̀ òṣùmàrè nínú fídíò, ọ̀dà ló sábà máa ń jẹ́ tàbí kọ̀ǹpútà ló yí i. Ẹ má ra irúgbìn ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan tiẹ̀ ń fi gọ́ọ̀mù lẹ òdòdó gbígbẹ mọ́ ọn lórí.

OmoOffa_Kano

Ìbéèrè tèmi: gbogbo fídíò ló ń sọ pumice, perlite, akadama, àwọn hóró wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Níbo lèèyàn ti máa rí akadama ní Kano?

Birikila_Mpape

Ẹ jọ̀ọ́ mi ò mọ̀ nípa òdòdó, iṣẹ́ bíríkì ni mò ń ṣe, ìyàwó mi ló gbin nǹkan yìí. Ó fi pumice hàn mí nínú fídíò, mo rí i pé òkúta wẹ́wẹ́ tó ń jẹ́ kómi kọjá ni wọ́n ń wá. Mo bá ní kí ló dé tá à ń wá a jìnnà. Stone dust tí wọ́n fi ń ṣe interlock, kúárì wà ní Mpape níbí, ọ̀dọ̀ yín ní Kano náà kúárì wà. Ẹ má lò ó bó ṣe wà o, ìyẹ̀fun inú ẹ̀ máa di bíi sìmẹ́ǹtì. Ẹ fi asẹ́ tí a fi ń jọ yanrìn plaster jọ̀ ọ́, èyí tó bá kọjá nínú asẹ́ ẹ dà á nù, èyí tó kù sókè tó tó hóró ìrẹsì sí hóró ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ bù ú sínú bókẹ́ẹ̀tì, ẹ fọ̀ ọ́, omi àkọ́kọ́ á dà bí ẹ̀kọ, ẹ máa pààrọ̀ omi títí ẹ ó fi rí ìsàlẹ̀ bókẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó mi ń fi ìwọ̀n méjì ẹ̀ pò mọ́ ìwọ̀n kan ilẹ̀dú tó ti jẹrà dáadáa, pẹ̀lú èédú fífọ́ díẹ̀. Tó bá bomi sí i, kó o tó ka márùn-ún omi ti jáde nísàlẹ̀.

TisaBwari

Birikila, ẹ jẹ́ n bọ̀wọ̀ fún yín. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé láti àná nìyẹn. Ohun tí nǹkan ń ṣe nínú fídíò ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ má wo orúkọ ẹ̀.

AntiRisi_Jos

Ọ̀rọ̀ kan péré kí n tó lọ. Tẹ́ ẹ bá ń lọ látorí fídíò kan sí òmíì, YouTube máa gbé yín dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ ti Lophophora, kákítọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní peyote, tí wọ́n ń jẹ kí orí wọn máa yí. Ẹ jáde níbẹ̀, òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ò gbà á. Àwọn míì á máa fi igi tí wọ́n wú ní aṣálẹ̀ ṣe fáàrí, ẹ̀yin náà ẹ wo bí ara ẹ̀ ṣe rí, tó bá ní àpá oòrùn àti gbòǹgbò gígé, kì í ṣe èyí tí wọ́n gbìn láti irúgbìn. Ọlọ́pàá Italy gba èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan lọ́wọ́ irú wọn ní 2020, Copiapoa ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, wọ́n dá èyí tó lé ní 800 padà sí Chile lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra igi tàbí irúgbìn láti òkè òkun, ìwé àṣẹ NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ igi àti ẹran tó ń wọlé wò, ni kó kọ́kọ́ gbà.

IyaIbeji_Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín, mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé láti àárọ̀. Mo wo fídíò regraft mẹ́ta tó wá láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni àkọ́kọ́ ní kí n fi okùn dè é, ẹnì kejì ní rọ́bà, ẹnì kẹta kàn fi òkúta lé e lórí. Ta ni kí n gbọ́?

EgbonLugbe

Gbogbo wọn ni, nǹkan kan náà ni wọ́n ń ṣe: kí ojú méjèèjì fara mọ́ra má sì yẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa wò nínú fídíò yẹn ni òrùka róbótó tó máa hàn láàárín ibi tí wọ́n gé, ti òkè ní òrùka, ti ìsàlẹ̀ ní òrùka, ó gbọ́dọ̀ kan ara wọn níbì kan ó kéré tán, ibẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà kọjá. Bí òrùka méjèèjì ò bá kanra, ẹ báà fi wáyà dè é, kò ní mú. Bíléèdì tuntun, kẹ́ ẹ fi spirit nù ún láàárín gígé kan àti èkejì, kẹ́ ẹ yára kí ojú ẹ̀ tó gbẹ. Ẹ jẹ́ kí òjò dáwọ́ dúró ná, lásìkò tí ọ̀rinrin bá pọ̀ ó máa ń jẹrà.

Mo ní ọ̀pá dragon fruit mẹ́rin tó ti ta gbòǹgbò nínú ìkòkò, mo lè fún yín ní méjì. Mo máa ń wá sí Kubwa ní Saturday.

JideAlaja

Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ń lọ ẹ jẹ́ n tẹ̀ lé yín, mo máa ya á ní fídíò, Yorùbá la ó fi sọ ọ́. Mo ní ohun tí wọ́n ń fi fóònù kọ́, iná ló kù.

IyaIbeji_Kubwa

Ẹ máa bọ̀, sólà wà. Kẹ́yìndé ní òun lòun máa di bíléèdì mú, mo ti ní rárá. Ẹ tẹ̀ mí láago kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, mo máa ń lọ sọ́jà láàárọ̀ Saturday.